Ọ̀rọ̀ "OK": ta ló bí i gan-an?

Tíṣà Ìkirè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Lọ́sẹ̀ yìí a ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ṣùgbọ́n tí a kì í kọ sínú ìwé ìdánwò. Bí mo ṣe dárúkọ "OK" báyìí, ọmọ kan nawọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó rárá: pé àwọn Wolof ilẹ̀ Senegal ló máa ń sọ "waaw kay" tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni o", pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Amẹ́ríkà, tí òyìnbó wá sọ ọ́ di tirẹ̀. Kí n tó fọhùn, ọmọ mìíràn ti ní ti àwọn Choctaw ni, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Ẹnì kẹta ní àwọn Gíríìkì ló ni ín, pé "ola kala" ni wọ́n ń sọ, "gbogbo nǹkan dára".

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ẹ̀ wá. Mi ò fẹ́ sọ ohun tí kò dá mi lójú níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti walẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn?

Báyọ̀ Mọ́kọ́lá

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Èyí tí èmi gbọ́ dàgbà ni ti Andrew Jackson, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Wọ́n ní ológun ni, kò kàwé púpọ̀, pé tó bá ti fẹ́ kọ ọ́ sára ìwé pé gbogbo rẹ̀ tọ̀nà, "Ole Kurrek" ló máa ń kọ. Ó wá gé e kúrú sí O.K. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba rí ló máa ń sọ ọ́ fún wa.

Màmá Láíbìrì

Tíṣà ọmọ mi, o ṣeun tó o bèèrè kó o tó dáhùn. Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí àwọn èèyàn máa ń wá bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó tú u palẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Allen Walker Read ti Yunifásítì Columbia ní New York. Ọkùnrin náà kò jókòó kó máa fi etí gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jọ ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló ń ṣí, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń wá ibi tí O.K. ti kọ́kọ́ jáde. Ó tẹ apá kan ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1941, ó sì tẹ èyí tó kún jù lọ jáde ní 1963 àti 1964 nínú ìwé àtìgbàdégbà American Speech.

Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú ohun tó rí ni ti Boston Morning Post, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọdún 1839. Charles Gordon Greene ni olóòtú rẹ̀. Ó ń fi olóòtú ìwé ìròyìn kan ní ìlú Providence ṣe ẹ̀fẹ̀, lórí ìrìn àjò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Anti-Bell-Ringing Society. Ó ní bí wọ́n bá gba Providence kọjá nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ọ̀gbẹ́ni yẹn á ṣe wọ́n lálejò, ohun gbogbo á wà ní "o.k.", ìdérí ìgò ọtí á sì máa fò sókè. Ẹ wo bó ṣe kọ ọ́: lẹ́tà kékeré méjì, àmì ìdánudúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà gbọọrọ kan, ó wá kọ "all correct" sí i lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè má mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó yáa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Fún èmi, ìtumọ̀ tó fi sí i yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Ṣọlá Abéèrè

Màmá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó rú mi lójú. Tó bá jẹ́ "all correct" ni, ṣebí A àti C ló yẹ kó jẹ́? Níbo ni O àti K ti wá?

Màmá Láíbìrì

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, Ṣọlá.

Àṣà kan ló gbòde nígbà náà. Láti bí ọdún 1838 ni àwọn oníwèé ìròyìn Boston ti ń gé ọ̀rọ̀ kúrú fún ẹ̀fẹ̀, New York náà sì gbà á mú. Nígbà tó yá, wọ́n tún wá ń ṣi ọ̀rọ̀ náà kọ mọ̀ọ́mọ̀ kí wọ́n tó gé e, bí ẹni tí kò délé ìwé. "All correct" di "oll korrect", òun ni O.K. "All right" di "oll wright", òun ni O.W. "No use" di "know yuse", wọ́n ń kọ ọ́ ní K.Y. "No go" di "know go", K.G. "Enough said" di "nuff ced", N.C. Bí àwọn ọmọ wa ṣe ń ké ọ̀rọ̀ kúrú lórí fóònù lónìí náà ni, kí àwọn tó wà nínú agbo lè mọ ara wọn.

Ohun tó yẹ kó jọ wá lójú ni pé gbogbo àwọn yòókù ló ti kú. Ta ló ń sọ K.G. mọ́? O.K. nìkan ló là á já, ó sì nídìí.

Akéwì Dakar

Ẹ kú ìjókòó, Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwọn tí kò ní ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀.

Dakar ni mo ń gbé. "Waaw" ni bẹ́ẹ̀ ni lédè Wolof, "kay" ni wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní ọjà níbí, bí o bá bi oníṣòwò bóyá ẹja tútù lèyí, "waaw kay" lo máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sórí OK.

Kì í sì í ṣe WhatsApp ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. David Dalby, onímọ̀ èdè tó ń kọ́ni ní SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní London, ló gbé e síta láti nǹkan bí 1969. Ó ní Wolof lè jẹ́ orísun, àwọn èdè Mande ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà sì ní "o ke" tó fẹ́ jọ ọ́. Ó tọ́ka sí ìwé Smyth, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó rìn ká Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ ní 1784. Ẹrú kan wà nínú ìwé náà ní North Carolina tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Kay, massa". Ó tún tọ́ka sí Jamaica ní 1816, níbi tí ẹnì kan ti ní "Oh ki, massa". Méjèèjì ló ṣáájú Boston.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Láti 1740 ni òfin South Carolina ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Ẹni tí wọ́n fi òfin gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹ lè wá sọ fún un pé kò ní ẹ̀rí nítorí pé kò kọ ọ́ sílẹ̀? Bí a bá ń dúró de ìwé ìròyìn kí a tó gbà pé àwọn baba wa sọ ohun kan, a jẹ́ pé wọn kò sọ nǹkan kan rí láyé.

Ṣọlá Abéèrè

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara o. Màmá, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn èyí.

Yétúndé Brixton

Kí Màmá tó dé, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi. Ìdílé ọkọ mi, ará Jamaica ni wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa fetí sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n Akéwì, òfin 1740 tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú ìwé Smyth yẹn dé ìparí. Wọ́n rán an lọ pẹja, ó sùn lọ sínú ọkọ̀, ọ̀gá rẹ̀ wá bá a. Ohun tó ń ṣàlàyé ni pé òun kàn jókòó jẹ́ẹ́, ẹja ńlá á ta sókè, á já sínú ọkọ̀, òun á tún dúró de òmíràn, oorun ló wá gbé òun lọ. "Kay, massa" ló fi ṣíde. Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Kò gbà fún ẹnì kan, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ ló ń fọhùn. Létí tèmi ó sún mọ́ "Káì!" tiwa ju "ó dáa" lọ.

Ohun tí Frederic Cassidy sì wí nìyẹn. Kingston ní Jamaica ni wọ́n bí i sí, òun àti Robert Le Page ló ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Jamaica tó jáde ní 1967. Ní 1981 ó kọ àpilẹ̀kọ kan láti bèèrè bóyá ará Áfíríkà ni OK lóòótọ́. Ó yẹ àwọn ẹ̀rí Dalby wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní "ki" tí wọ́n ń sọ ní Jamaica, ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà. Ọmọ erékùṣù náà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo ayé rẹ̀ láti gbé èdè àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ níyì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Adúláwọ̀ lè wà nínú "kay" 1784 yẹn. Mo tiẹ̀ gbà pé ó wà ńbẹ̀. Àmọ́ kò sọ pé òun ni bàbá OK.

Akéwì Dakar

Àǹtí Yétúndé, ẹ ti ṣe é dáadáa. Mo gba ti "Káì" yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lè paarọ̀ ìtumọ̀ láàárín ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Màmá Láíbìrì

Ó lè paarọ̀ ọ́, Akéwì. Bó bá wá paarọ̀ ọ́, ó yẹ ká rí ipasẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìwọ wo ibi tó ti kọ́kọ́ hù. Bó bá jẹ́ láti inú oko òwú àti oko ìrẹsì ló ti ń bọ̀, Gúúsù ni a ó ti kọ́kọ́ bá a: Charleston, Savannah, New Orleans. Àwọn òyìnbó Gúúsù kọ lẹ́tà àti ìwé ìrántí bí ẹní máa kú, wọ́n sì máa ń kọ ohun tí ẹrú wọn bá sọ, àní nígbà tó jẹ́ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àríwá ni O.K. ti yọjú, ní Boston, láàárín àwọn oníwèé ìròyìn, lẹ́tà méjì tó ní àmì ìdánudúró, pẹ̀lú ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ọ̀wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ bí O.W. àti K.G. Ọmọ tí a mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí a mọ yàrá tí wọ́n bí i sí, tí a rí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lórí ẹní kan náà, kí la tún ń wá?

Ní ti ìdí tí kò fi kú pẹ̀lú àwọn yòókù, ìbò ni. Ní 1840, Ààrẹ Martin Van Buren fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Kinderhook ní ìpínlẹ̀ New York ni ìlú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní "Old Kinderhook". Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Democrat ní New York bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, O.K. Club. Ẹnu kan, ìtumọ̀ méjì: O.K. ni ọkùnrin wa, gbogbo rẹ̀ sì wà ní O.K. Àwọn Whig tó ń bá wọn du ipò kò dákẹ́. Wọ́n ní "Out of Kash" ló túmọ̀ sí, pé ìjọba Van Buren ti gbẹ àpò ìlú. Bí tọ̀tún tòsì ṣe ń fi í bú ara wọn nìyẹn, títí gbogbo Amẹ́ríkà fi mọ lẹ́tà méjì náà. William Henry Harrison ló wá fẹ̀yìn Van Buren balẹ̀. Olóyè lọ, ọ̀rọ̀ kù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tẹlígíráfù ti Morse dé ní 1844, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní wáyà. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nílò àmì kúkúrú láti sọ pé iṣẹ́ ti dé, ó pé. O.K. ni wọ́n mú. Ojú irin náà mú un.

Báyọ̀ Mọ́kọ́lá

Màmá, ti Andrew Jackson wá ńkọ́? Àwọn èèyàn ní ìwé ilé ẹjọ́ wà tó ní O.K. láti 1790.

Màmá Láíbìrì

Báyọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìtàn "Ole Kurrek", ọ̀tọ̀ ni ìwé 1790. Ìtàn náà, inú ìwé ìròyìn kan ní New York ló ti jáde nígbà ìbò 1840 yẹn, láti fi ṣáátá ẹgbẹ́ Van Buren, nítorí ọ̀rẹ́ Jackson ni Van Buren, òun ló sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Jackson mọ ìwé kọ. Agbẹjọ́rò ni, ó sì ṣe adájọ́ rí.

Ti ilé ẹjọ́, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tennessee lónìí ni. Àwọn tó da àkọsílẹ̀ náà kọ ní O.K. ni wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n tún un wò dáadáa, O.R. ni: àṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́tà R tí akọ̀wé fi ọwọ́ kíákíá kọ ló jọ K.

Mo fẹ́ kí Akéwì gbọ́ ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn wà fún. Jackson, tó jẹ́ agbẹjọ́rò nígbà náà, ló wá fìdí ìwé ọjà kan múlẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́. Ọjà tí wọ́n tà láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ni. Orúkọ ẹni tó tà á wà ńbẹ̀, orúkọ ẹni tó rà á wà ńbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń jiyàn lórí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn, tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Akéwì Dakar

Màmá. Mo kà á, mo tún un kà.

Yétúndé Brixton

Ẹ jẹ́ kí n yára mú àwọn ọmọ Tíṣà méjì tó kù.

Choctaw: lóòótọ́ ni èdè náà ní "okeh" tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, "bẹ́ẹ̀ ló rí". Ààrẹ Woodrow Wilson, tó jọba láti 1913 sí 1921, gbà á gbọ́ débi pé "okeh" ló máa ń kọ sára ìwé dípò O.K. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan tẹ̀ lé e fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi hàn bó ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn Choctaw, tó jẹ́ pé Mississippi ni wọ́n wà kí wọ́n tó lé wọn lọ sí Oklahoma ní àwọn ọdún 1830, dé ẹnu olóòtú ní Boston. Ilé iṣẹ́ àwo orin OKeh, tó gba ohùn Mamie Smith sílẹ̀ ní 1920, tí ọjà àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú fi ṣí sílẹ̀, ìyẹn kò bá Choctaw tan. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni, Otto K. E. Heinemann.

Gíríìkì: "ola kala" wà, òótọ́ ni. Ìjọra etí lásán ni.

Táyọ̀ Atlanta

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Akéwì, má jẹ́ kí ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì, àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹsẹ̀ tọ ipa wọn délé wà rẹpẹtẹ.

Níbí ní Georgia, àwọn àgbà ṣì ń pe ẹ̀pà ní "goober". "Nguba" ti èdè Kikongo ni. "Gumbo", ọbẹ̀ ilá New Orleans, wá láti inú orúkọ tí àwọn èdè Angola ń pe ilá. "Okra" fúnra rẹ̀, àwọn Igbo ló ni ín. Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú onímọ̀ èdè, lọ bá àwọn Gullah, ìyẹn àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tó wà ní erékùṣù South Carolina àti Georgia, láti 1932, ó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Kí ó tó dé, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ní Gẹ̀ẹ́sì tó bàjẹ́ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1949, ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló kún inú rẹ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tó tọ́ka sí. Èyí dá Akéwì lóhùn: Turner kò rí ìwé ìròyìn tí ẹrú kọ, ẹnu àwọn ọmọ wọn ló ti gba ẹ̀rí.

Lónìí pàápàá, ọ̀rọ̀ wa ń wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gba "tokunbo" wọlé. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ló di orúkọ mọ́tò tó ti òkun bọ̀. "Danfo" wọlé lọ́dún kan náà. "Japa" náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ SS2 á mọ gbogbo rẹ̀.

Akéwì Dakar

Táyọ̀, o ṣeun. Mo ṣì ní ohun kan lọ́kàn tí mi ò ní fi sílẹ̀: àwọn tó ń sọ "waaw kay" tàbí "o ke" ní Amẹ́ríkà nígbà tí O.K. dé, ó ṣeé ṣe kó rọ̀ wọ́n lẹ́nu láti gbà á.

Màmá Láíbìrì

Ìyẹn ṣeé gbà gẹ́gẹ́ bí èrò, Akéwì, mi ò ní bá ọ jà lórí ẹ̀. Ìgbàtọ́ yàtọ̀ sí ìbí, ìyẹn nìkan ni mo ní kí Tíṣà yà sọ́tọ̀.

Tíṣà Ìkirè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni. Màá kọ gbólóhùn Boston sójú pátákó bó ṣe rí, pẹ̀lú ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1839. Màá kọ gbólóhùn ìwé Smyth sí abẹ́ rẹ̀, màá ní kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sọ fún mi bóyá ọkùnrin náà ń gbà ni àbí ẹnu ń yà á. Lẹ́yìn náà la ó dé orí "tokunbo". Mo ti mọ ọmọ tó máa kọ́kọ́ nawọ́.

Akéwì Dakar

Tíṣà, màá gba ohùn ìyá ẹlẹ́ja kan sílẹ̀ ní ọjà lọ́la, níbi tó ti ń sọ "waaw kay". Kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ kí wọ́n tó dá ẹjọ́.

Tíṣà Ìkirè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́rú la ní Gẹ̀ẹ́sì.